Ìyá Àgbà Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ọ̀nà Èsìẹ́,
                                        Òmù-Àrán,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ, 2025.

Ìyá Khalilullah, Mùínàt ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lo jí? Bàbá Khalilullah ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Qonitah ńkọ́, ọmọ-ọmọ rẹ tó ní òun kì í ṣe ọmọdé mọ́ nítorí pé eyín òun méjì ti ká? Ṣé òjò ń rọ̀ ní Ìlọrin, àbí oòrùn yín ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣọ́? Níhìn-ín, òjò ń rọ̀, àgbàdo ti gbó, a dúpẹ́. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn kíláàsì tí a ti jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òrò, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ láàárọ̀ yìí. Khalilullah ló gbé e, ó ní o ti lọ sí wáàsí, o sì gbàgbé fóònù sílé. Mo sọ díẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju owó ìpè mi lọ, n kò sì fẹ́ kó já èyí tó ṣe pàtàkì sílẹ̀ kó mú èyí tí kò ṣe pàtàkì bá ọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́, kí Timothy onímọ́tò lè gbé e fún ọ lọ́sàn-án yìí. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó bu oúnjẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, Mùínàt. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá Ọpẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù kò tíì bà mí tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ọmọ mi ni, àti áàpù rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti Èkó dé ló ti fi yàrá iwájú mi ṣe ọ́fíìsì, tó ń kọ ètò tí fóònù ń tẹ̀ lé. Èyí tó kọ fún kíníìkì kékeré ọ̀nà Èsìẹ́ kò le láti ṣàlàyé. Àgbàlagbà tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ sínú fóònù tó wà nínú ilé. Bí ó bá ti di aago méje àárọ̀ àti aago méje ìrọ̀lẹ́, fóònù á ké, orúkọ ẹni náà á yọ lójú rẹ̀, ohùn kan á sì sọ oògùn tí yóò lò àti iye ẹyọ. Ohùn náà, tèmi ni. Ọpẹ́ ní ohùn olùkọ́ ló dára jù, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní dìde. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó, tí mò ń ka “ẹyọ kan”, “ẹyọ méjì”, bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì kìíní ní ìṣirò. Inú mi dùn gan-an. Má rẹ́rìn-ín.

Kí o tó dá ọmọ náà lẹ́bi, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣáájú. Kì í ṣe áàpù àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Nígbà tó kọ ti àkọ́kọ́ lọ́dún tó kọjá, ó pe ìpàdé, ó ní kí oníkálukú sọ èrò rẹ̀, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí akọ̀wé ìjọ. Alága ìdàgbàsókè ìlú ní kí àwòrán òun wà níwájú, pẹ̀lú fìlà. Pásítọ̀ ní kí ó ka sáàmù kan kó tó mẹ́nu ba oògùn. Àwọn àáfà ní tí sáàmù bá wọlé, àdúà náà gbọ́dọ̀ wọlé. Bàbá Ìpẹ́kítọ̀ àdúgbò wa, tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún wo tí kò tíì bọ́ ipò sílẹ̀, ní kò bójú mu kí fóònù máa pàṣẹ fún àgbà láìkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ọpẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sí i. Nígbà tí áàpù yóò fi kí ìyá kan tán, tí yóò ṣàdúà, tí yóò fi àwòrán alága hàn, oorun ti gbé ìyá lọ. Lórí fóònù púpọ̀, kò tilẹ̀ ṣí rárá. Àwọn tó dá gbogbo àbá wọ̀nyẹn náà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ náà kò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ fún un pé, “Ọpẹ́, ayé ò ṣe é tẹ́ lọ́rùn. Di etí rẹ, kí o ṣe iṣẹ́ rẹ.” Ẹnu mi yìí ló ti jáde.

Ó sì di etí. Mùínàt, ó di í débi pé àwọn ère Èsìẹ́ tó jókòó tí wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn gbọ́ràn jù ú lọ. Lọ́jọ́ tó gbé áàpù kejì wá sí kíníìkì, mo bá a lọ nítorí pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn mi níta. Àfísù wà níbẹ̀, ọmọkùnrin oníwà tútù tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn, tí gbogbo ayé ń pè ní Dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun kì í ṣe é.

Àfísù ní, “Ẹ̀ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà káàdì aláìsàn sí i. Orúkọ nìkan kò lè tó níhìn-ín.”

Ọpẹ́ kò gbójú sókè. “Dókítà, bí mo bá gba tiyín, mo máa gba ti alága. Ṣé ẹ tún fẹ́ rí fìlà yẹn ni?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó ilé kan wá nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Asisat lorúkọ rẹ̀, ará Èsìẹ́ ni ọkọ rẹ̀. Òun ló ni fóònù kan ṣoṣo tó wà nínú agbo ilé wọn, òun ló sì ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ àti ìyàwó àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ má bínú o. Àwa ìyàwó kì í pe orúkọ wọn. Kí ni ká kọ síbẹ̀?”

“Ohun tí ẹ bá ń pè wọ́n ni kí ẹ kọ, mà.”

“Ìyá Àgbà là ń pe àwọn méjèèjì.”

“Kò burú.”

Kọ̀ǹpútà ló ń wò nígbà tó ń sọ “kò burú” yẹn. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Èmi tí mo ti jẹ́ ìyàwó ní Òmù-Àrán fún ọdún mọ́kànlélógójì, tí n kò fi ẹnu mi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí, tó jẹ́ pé nígbà tí mò ń to ìwé ìsìnkú wọn, ọmọ ni mo ní kó bá mi kọ orúkọ náà sí i! Ta ló yẹ kó mọ ohun tí Asisat ń sọ jù mí lọ? Mo dákẹ́, nítorí pé mò ń dúró dè é kó tẹ ohùn mi kí àwọn èèyàn gbọ́.

Nǹkan kò kọ́kọ́ dàrú. Fún bí oṣù mẹ́ta, àwọn arúgbó ń lo oògùn lásìkò, Àfísù sì ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọpẹ́ fi ọgbọ́n tuntun kan sí i, ó pè é ní ìgbálẹ̀. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni pé bó bá rí orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù kan, yóò gbà pé wọ́n ṣèèṣì kọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì ni, yóò sì kó oògùn méjèèjì pọ̀ fún ẹyọ ẹnì kan. Lọ́jọ́ ìpàdé kíníìkì, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wà, gbogbo fóònù gba ìgbálẹ̀ náà. Ìyàwó ilé tó kó Ìyá Àgbà méjì sórí fóònù kan, Ìyá Àgbà kan ṣoṣo ló kù fún un, pẹ̀lú oògùn ẹni méjì.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní aago méje àárọ̀, fóònù Asisat ké. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà nítòsí, Sàlámátù, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló ń ṣe é. Fulera, ìyá kejì, tó ní àtọ̀gbẹ, ti lọ sóko. Sàlámátù gbọ́ ohùn mi: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan, oògùn àtọ̀gbẹ, ẹyọ méjì. Apẹ̀rẹ̀ kan náà ni oògùn wọn wà. Ó lo ti Fulera mọ́ tirẹ̀, kò sì tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Kí oòrùn tó là dáadáa, ó ti ń làágùn, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pe Asisat ní orúkọ ìyá tó bí i. Wọ́n sáré gbé e wá sí ilé ìwòsàn níhìn-ín. Wọ́n ní bí wọ́n bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ.

Nígbà tí Àfísù wá sọ fún wa, o ò ní gbà gbọ́ ohun tí ọmọ mi kọ́kọ́ sọ. Ó ní, “Mọ́mì, àṣìṣe tiwọn ni. Orúkọ ni mo ní kí wọ́n kọ, wọn ò kọ orúkọ.” Ó tún ní nínú irinwó èèyàn, ẹnì kan ni. Mo gbá a lápá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, mo sì gbá a lápá. Mo ní kí ni kò jẹ́ kó gbọ́ ti aráyé, kó wọ bàtà kó tẹ̀ lé mi.

Ìyá náà ti ń lajú nígbà tí a débẹ̀. Bó ṣe gbọ́ tí mo kí i, ó mọ ohùn mi, ó fẹ́ dìde jókòó. Ó ní, “Tíṣà, ṣé mo lò ó dáadáa? Ẹyọ méjì tí ẹ ní kí n lò, mo lò ó tán.”

Mùínàt, ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Ọpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo ojú. Asisat ni kò tilẹ̀ bá a jà. Ó kàn ní, “Bùrọ̀dá, mo sọ fún un yín ṣá.”

Nígbà tí a délé, Ọpẹ́ ṣí ìwé orúkọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún mi. Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà, Bàbá Ilé, Ìyá Ọkọ Mi, Ìyá Òkè, Ìyá Àgbà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ kíláàsì láti pe rẹ́jísítà, tí kò sì sí ọmọ tó ní orúkọ. Fóònù mẹ́tàlélógún ni ìgbálẹ̀ ti da ẹni méjì pọ̀ di ọ̀kan. Mo ní kó pa áàpù náà. Ó ní òun ti pa á lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n inú fóònù kọ̀ọ̀kan ni ìkéde náà ń gbé, torí òun mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì wa kì í dúró. Títí fóònù yóò fi rí dátà, yóò máa ké lágogo méje, òun kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i láti ibi tó jókòó sí. Ohun tó fi ń yangàn tẹ́lẹ̀ nìyẹn o, pé áàpù òun kò nílò ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ Sátidé ni òun àti Àfísù ti ń fi ọ̀kadà Àfísù lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Wọ́n dé Òwu-Ìsin, wọ́n dé àwọn abà tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Níbi tí wọ́n bá dé, àwọn ìyàwó á máa wo ara wọn lójú, wọn kò ní pe orúkọ ìyá. Ọpẹ́ á kúnlẹ̀ lọ bá ìyá fúnra rẹ̀ láti béèrè. Ó ní ọ̀kan ronú díẹ̀ kó tó rántí, nítorí pé àwọn tó ń pe orúkọ náà ti kú tán. Gbogbo ohun tó yẹ kó gbọ́ níjọ́sí, ó ń gbọ́ ọ báyìí lórí orúnkún rẹ̀. Fóònù méjìlélógún ni wọ́n ti rí.

Ó ku ọ̀kan. “Ìyá Àgbà” ló wà níbẹ̀ níbi orúkọ. Níbi ìlú, “Èsìẹ́”. Nọ́ńbà náà kò lọ. Àfísù rántí pé ọmọ-ìyàwó kan tó gbé ọmọ pọ̀n ló fi fóònù náà wá sí ìpàdé, tó ní òun àti ìyá ọkọ òun fẹ́ lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ òun ní Ìlọrin. Bóyá wọ́n ti pààrọ̀ síìmù. Fóònù tó pààrọ̀ síìmù ṣì ń ké, Ọpẹ́ ní kò kan síìmù. Ìyá méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ní àtọ̀gbẹ, èkejì kò ní in. A kò mọ èwo nínú wọn ló wà ní Ìlọrin. Àfísù lóun kò rántí ojú, ọmọ ẹ̀yìn ìyàwó náà ni òun rántí, pé ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ojú ń tì mí. Àwọn kan láti Ìlọrin ti fẹ́ gba áàpù náà fún àwọn kíníìkì káàkiri, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí a ń jẹun, Ọpẹ́ ní òun yóò lọ bá wọn, òun yóò sọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n lè bá òun kéde lórí rédíò láti fi wá ìyá tó kù. Èmi tí mo gbá a lápá ní ọjọ́ Ẹtì, ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Ṣé dandan ni kí o dárúkọ ara rẹ ni? Sàlámátù ṣáà ti yè. Wọ́n á ní ọmọ Tíṣà fẹ́ pa ìyá oníyàá. Rọra wá a ní tìrẹ.”

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀bà. “Mọ́mì, lọ́dún tó kọjá, ẹ ní kí n má gbọ́ ti aráyé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ní kí ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ti aráyé. Lónìí, ẹ ní kí n máa sá fún ẹnu aráyé. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?”

Mo bu ọbẹ̀ kún tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa bí a ṣe ń dá ọgbọ́n Asisat mọ̀ yàtọ̀ sí fìlà alága nígbà tí gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò ó títí, bóyá kó kọ́kọ́ béèrè ta ni ewu yóò bá bí òun bá ṣe àṣìṣe, kó sì gbọ́ ti ẹni náà ṣáájú. Bóyá. Tíṣà tó ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta kò yẹ kó tún máa kọ nǹkan sójú pátákó.

Ó lọ ní àná. Ó ní wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ká ìwé wọn, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí i. Èmi àti ìwọ mọ irú ìwé tí àwọn tó ń ká ìwé báyẹn ń kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn bá a dé ilé rédíò. Ní ìrọ̀lẹ́ àná àti láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ orúkọ ọmọ mi lódindi, orúkọ tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí mo bí i, pé òun ló ṣe àṣìṣe, kí gbogbo ìyàwó ilé tó bá kọ “Ìyá Àgbà” sórí fóònù má ṣe tẹ̀ lé ìkéde oògùn mọ́. Kí ìkéde tó parí, Bàbá Ìpẹ́kítọ̀ ti kan ilẹ̀kùn mi. “Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!” Ohun tí bàbá sọ lọ́dún tó kọjá ni pé kí fóònù dọ̀bálẹ̀. Mo fún wọn ní àga. Àárẹ̀ ti mú mi láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Kò sí ẹni tó tíì pe rédíò. Ọpẹ́ kò kúrò nídìí fóònù, kò sùn, bó bá ké á fò dìde, á jẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ sí nìyí. Ẹ̀yin èèyàn pọ̀ ní wáàsí yín, o sì mọ ilé púpọ̀ tí àwọn ará Èsìẹ́ ń gbé ní Ìlọrin. Bẹ àáfà kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ ọ̀la. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, kí o lọ láti ilé dé ilé bí o bá lè rìn ín. Má béèrè orúkọ ìyá lọ́wọ́ ìyàwó, kò ní sọ ọ́. Béèrè bóyá fóònù wọn máa ń sọ̀rọ̀ oògùn lágogo méje.

Bá mi kí bàbá Khalilullah, sọ fún wọn pé mò ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ wọn. Kí Khalilullah, kí o sì fi ẹnu ko Qonitah lẹ́nu tí eyín ti ká. Ọpẹ́ kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, ṣùgbọ́n ó máa ń kí ìwọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin.

Agogo mẹ́wàá ti kọjá, Timothy ń fọn fèrè níta. Ìrọ̀lẹ́ yìí náà, aago méje máa lù. Bí o bá wọ ilé kan ní àkókò náà, tí o gbọ́ ohùn mi tó ń sọ pé ẹyọ méjì, ẹyọ méjì, gba oògùn náà lọ́wọ́ ìyá, kí o sọ fún un pé èmi gan-an ni mo rán ọ, pé kó má gbọ́ tèmi.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, tẹ̀rùtẹ̀rù,

Rúùtù
(Ìyá Ọpẹ́)